ÌLÚ TÍ Ó NÍ ÌPÌLẸ̀
Ìwàásù ní ìrántí Herbert Macaulay, ẹnjiníà àti arìnrìn-àjò

Ẹ̀kọ́ kíkà: Hébérù 11:8–16, Jeremáyà 29:4–7, Orin Dáfídì 107:23–31

  

Kò tíì pẹ́ tí a sìnkú arákùnrin wa kan nínú ìjọ yìí. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò di dandan kí n dárúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ni, iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni ó sì bá dé Port Harcourt ní ìgbà èwe rẹ̀. Bí ó bá ní ìsinmi ọjọ́ méjì péré, ẹ kò ní bá a nílé. Odò ni ẹ ó ti rí i, yóò ti ta ìgbòkun sí ọkọ̀ kékeré rẹ̀, yóò máa wo ojú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó kú, ọ̀rọ̀ di méjì nínú ẹbí. Àwọn àgbà ránṣẹ́ láti ìlú rẹ̀ pé kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí a sin òun sí ibi tí òun ti ṣiṣẹ́. Ní òru àìsùn, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, níbo gan-an ni ilé bàbá wa?”

Mo dákẹ́. N kò rí èsì fún ọmọ náà ní òru ọjọ́ yẹn, ojú sì tì mí. Ìbéèrè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìbéèrè gbogbo wa ni, àwa ọmọ Yorùbá tí a bímọ sí àjò, tí a kọ́lé sí àjò, tí a sì ń pe ibòmíràn ní ilé. Òun ni mo fẹ́ fi ìwàásù òní dáhùn. Nítorí pé ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ń bọ̀, ọjọ́ tí Herbert Macaulay kú ní 1946, mo fẹ́ mú ìgbésí ayé ẹnjiníà yìí, tí ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kí a fi wo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ. Ẹni tí ó kọ̀wé sí àwọn Hébérù sọ fún wa pé Ábúráhámù jáde kúrò nílé láìmọ ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò gúnlẹ̀ sí. Inú àgọ́ ni ó gbé títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ó ń gbé inú àgọ́, ó ń wo ọ̀nà ìlú kan tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lè mì, ìlú tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ tí ó sì kọ́ ọ. Ẹ kíyèsí i, ará: ẹni tí ó ń gbé inú aṣọ àgọ́ ni ó ń ronú nípa ìpìlẹ̀. Arìnrìn-àjò ni ó mọ iyì òkúta tí kò ṣeé ṣí nípò. Ẹ sì tún kíyèsí i pé Ọlọ́run kò tijú láti jẹ́ kí a pe òun ní oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹnjiníà ni Ọlọ́run wa. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń wọn ilẹ̀, tí ó ń ri ìpìlẹ̀, tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kò jìnnà sí iṣẹ́ Bàbá rẹ̀ bí ó bá ń ṣe é ní òtítọ́.

Ǹjẹ́ ta ni Herbert Macaulay? Ìdílé àwọn tí omi gbé kiri ni a bí i sí. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821. A ti tà á sínú ọkọ̀ ẹrú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí ó sì gbé e lọ sí Sàró. Omi tí ènìyàn búburú fẹ́ fi gbé e lọ sí oko ẹrú, òun náà ni Ọlọ́run fi gbé e dé ilé ìwé. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya, ibà sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ó tún gòkè lọ ní 1854 nínú ọkọ̀ Pleiad. Ní ìgbà yìí wọ́n ń lo kuníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kú nínú wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1864 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ó rán iṣẹ́ ìhìnrere wá sí Bonny, nítorí pé ọba ibẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Odò tí ó ń kọjá lẹ́bàá èbúté wa níhìn-ín ni ó ń ṣàn lọ sí Bonny náà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọmọ Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé apá ibí yìí. Ìhìnrere ni ó kọ́kọ́ mú wa wá.

Ní ọdún 1864 kan náà, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ni Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, bí Herbert sí Èkó. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, níbẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kàwé. Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ ìjọba, ní P.W.D., gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré àti ayàwòrán ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé orí rẹ̀ pé, ìjọba Èkó rán an lọ sí ìlú Òyìnbó ní 1890 láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lónìí, ẹ fara balẹ̀ ro ìrìn-àjò ìgbà náà wò. Yanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọ Èkó. Lójú agbami ni ọkọ̀ ńlá ń dúró, ọkọ̀ kékeré ni yóò sì gbé èrò la ìgbì kọjá lọ bá a. Ẹni tí ẹ̀rù omi bá ń bà kò lè dé ìlú Òyìnbó. Onísáàmù ti ń wò wọ́n láti ìgbà láéláé, àwọn tí iṣẹ́ wọn mú wọn lọ sí ojú omi ńlá: ó ní àwọn ni ó ń rí iṣẹ́ Olúwa níbi tí ó jìn, tí ìgbì yóò gbé wọn sókè tí yóò sì sọ wọ́n sílẹ̀, títí Olúwa yóò fi mú wọn gúnlẹ̀ sí èbúté tí ọkàn wọn ń fẹ́. N kò sọ pé Macaulay jẹ́ atukọ̀. Òkun kì í ṣe eré fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún arákùnrin wa tí a sin. Ọ̀nà ni ó jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni òkun kọ́ àwọn méjèèjì: pé ayé tóbi ju àgbàlá bàbá ẹni lọ. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo rí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ nìyí: ó lọ, ó sì mú nǹkan bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó lò ní Plymouth lọ́dọ̀ ẹnjiníà ìlú náà, tí ó ń ṣe ìtọ́jú omi àti ojú pópó. Ní 1893 ó padà sí Èkó, ìjọba sì fi í ṣe awọnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba. Ìmọ̀ tí ó kọ́ ní èbúté àwọn ẹlòmíràn, ó gbé e wá sí èbúté tirẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń múra àtilọ sí Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù, a kò dá yín lẹ́kun. Ábúráhámù náà lọ. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ yín ni pé: kí ni ẹ ó mú bọ̀, ta ni yóò sì rí jẹ nínú rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ìwọ̀n òtítọ́. Ẹ wo iṣẹ́ awọnlẹ̀. Ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀ kò mọ olówó, kò mọ tálákà, kò mọ òyìnbó yàtọ̀ sí ènìyàn dúdú. Ibi tí ó bá parí sí, ibẹ̀ ni ààlà wà. Mósè kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì pé Olúwa kórìíra ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n méjì nínú àpò, ńlá fún rírà, kékeré fún títà. Ní ìgbà ayé Macaulay, òṣùwọ̀n méjì ni ìjọba àwọn òyìnbó ń lò: iṣẹ́ kan náà, owó oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1898, ó sì ń ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti gbé ṣéènì rẹ̀ lé ìwà àwọn aláṣẹ. Ní 1908 ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń ná owó rélùwéè ní ìnákúnàá. Nígbà tí ìjọba fẹ́ bu owó omi lé àwọn ará Èkó lórí, ó wà lára àwọn tí ó kọ̀. Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ń ṣiṣẹ́ omi ni ó ti kọ́ṣẹ́; kì í ṣe omi ni ó kórìíra, bí kò ṣe ẹrù tí a gbé lé ẹni tí kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀.

Èyí tí ó ga jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá. Ìjọba gba ilẹ̀ náà, ó sì fẹ́ san owó fún olóyè bí ẹni pé agbowó ilẹ̀ lásán ni, kì í ṣe onílẹ̀. Olóyè náà ni Àmọ́dù Tìjání, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa ní Èkó. Nígbà tí ó pàdánù ẹjọ́ nílé, ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ Privy Council. Ní 1920 Macaulay bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní 1921 ni a sì dá ẹjọ́ náà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí ó jogún rẹ̀, pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó gba ohun onílẹ̀. Ará, orúkọ Mùsùlùmí ni olóyè yẹn ń jẹ́; ọmọ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni ó bá a la òkun kọjá. Kò bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ó ń lọ. Òtítọ́ ni ó bá a rìn.

Ẹ̀kọ́ kẹta le láti sọ, ṣùgbọ́n ìrántí tí ó bá fi àbùkù pamọ́ kì í ṣe ìrántí Kristẹni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, a sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ní 1928 ni wọ́n tún fún un ní oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde. Àwọn kan wí pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀, àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. N kò jókòó lórí àga onídàájọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nítorí ẹ̀wọ̀n náà, kò lè wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin láé. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà gba gbogbo àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fún Èkó, àwọn ẹlòmíràn sì jókòó níbẹ̀. Ó kọ́ ilé, kò wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí a fi owó ẹgbẹ́ sí lọ́wọ́, ẹ̀yin tí a fi ohun ìní opó àti ọmọ òrukàn sí ìkáwọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ pa ìwé ìṣirò yín mọ́ kedere, kí ọ̀tá má baà rí ibi dì mú, kí ọ̀rẹ́ má sì máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbè yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ṣubú rí, ẹ gbọ́ ìdajì kejì. Ọkùnrin náà jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Kò fi ìtìjú ṣe ibùgbé. Ọlọ́run wa kì í ju igi wíwọ́ nù. Ó mọ ibi tí ó lè fi í sí nínú ilé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ti ìrìn-àjò ìkẹyìn. Ní 1944, nígbà tí ó ti di arúgbó, wọ́n fi í jẹ ààrẹ NCNC, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ígbò ni ó di àpò kan náà mú. Ní 1946 àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà gbéra láti káàkiri Nàìjíríà, láti tako òfin ìjọba Richards àti láti kó owó jọ fún ìrìn-àjò sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Macaulay. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá jókòó sílé rẹ̀, tí ó ń na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá wọn lọ. Kánò ni àìsàn ti dá a dúró, ó ju 1,100 kìlómítà lọ sí Èkó lórí ọ̀nà rélùwéè. A gbé e padà wálé, ó sì kú ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún. Àwọn tí ó kù parí ìrìn náà, ní 1947 àwọn aṣojú sì dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1960, Nàìjíríà gba òmìnira. Ní 1979 a tẹ àwòrán rẹ̀ sórí owó náírà kan. Òun kò rí ọ̀kan nínú rẹ̀.

Mósè náà gun orí òkè, ó fi ojú rí ilẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn tí a ka orúkọ wọn nínú Hébérù 11 kú nínú ìgbàgbọ́ láì tíì gba ohun tí wọ́n ń retí. Òkèèrè ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kí i. Ẹnjiníà kì í sábà gbé inú ilé tí ó kọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ́ kìkì ohun tí yóò rí ìparí rẹ̀, ahéré oko ni yóò máa kọ́ títí ayé rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Port Harcourt. Ní 1913 ni Lugard fún ìlú yìí ní orúkọ tí ó ń jẹ́, orúkọ Lewis Harcourt tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Nítorí pé odò jìn débi tí ọkọ̀ ńlá lè wọlé ni a ṣe yàn án, ní 1916 sì ni ojú irin so ó mọ́ Enugu, kí èédú lè dé èbúté. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ilẹ̀ àwọn ará Diobu ni, àti ti àwọn Ikwerre yòókù. Ẹ̀yin tí inú yín dùn sí ohun tí Macaulay ṣe fún onílẹ̀ Àpápá, ẹ bá onílẹ̀ ibí lò pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà. Òṣùwọ̀n méjì kò dára nínú àpò òyìnbó, kò sì dára nínú àpò ọmọ Yorùbá.

Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí ó wà ní ìgbèkùn pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, nítorí pé nínú àlàáfíà ìlú náà ni tiwọn wà. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa mọ bí èyí ti jẹ́ òtítọ́ tó. Wọ́n rántí 1966, tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ìlú yìí sílẹ̀ ní kánkán. Ogun jà títí di 1970, kí ènìyàn tó tún máa padà wá. Nígbà tí ìlú kò ní àlàáfíà, àlejò kò ní ibùsùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ṣe eré nítorí pé ẹ ní kì í ṣe ìlú yín. Bóòtù tí o kò dè le, ọmọ ẹnìkan ni yóò wọ ọkọ̀ náà.

Mo ti ṣe tán láti dá ọmọ yẹn lóhùn. Jósẹ́fù ní kí a kó egungun òun padà sí ilẹ̀ àwọn bàbá òun, a sì kà á sí ìgbàgbọ́ fún un. Ábúráhámù ra ibi ìsìnkú ní ilẹ̀ àjèjì, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí, ìgbàgbọ́ ni èyí náà. Òṣoògùn ni a bí Àjàyí Crowther sí, Èkó ni a sin ín sí. Bíbélì kò bá ẹni tí a gbé lọ sílé wí, kò sì bá ẹni tí a sin sí àjò wí. Ibi tí ara sùn sí kọ́ ni ilé. Ilé ni ibi tí Ọlọ́run ti parí kíkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ dè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìsìnkú náà rí ohun tí mo rí. Níhìn-ín ni a sin ín sí níkẹyìn. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí ó ti bínú jù nínú ẹbí, rin ọ̀nà jíjìn wá. Ó dúró lẹ́bàá ibojì, ó ń wo àwọn tí ó gbé pósí: Ikwerre, Ijaw, Ígbò, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí olóògbé kọ́ níṣẹ́, wọ́n ń sunkún bí ọmọ. Bàbá náà yọ fìlà, ó ní, “A ò mọ̀ pé ọmọ wa ti di ẹni ilé níbí.” Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òun ni ó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Olúwa, ìwọ tí o fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀, tí o sì pa ìgbì lẹ́nu mọ́, a dúpẹ́ fún àwọn tí ó rin ọ̀nà ṣáájú wa. Ohun rere tí wọ́n ṣe, mú un dúró. Àṣìṣe wọn, fi àánú bò ó. Tu opó àti àwọn ọmọ nínú. Ṣọ́ gbogbo ẹni tí ó wà lójú omi, lójú irin, lójú títì àti lójú òfuurufú ní ọ̀sẹ̀ yìí. Fi àlàáfíà fún Port Harcourt, ìlú tí ó gbà wá sílé. Jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa le, kí òṣùwọ̀n wa jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí ìrìn wa bá sì dópin, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ní àjò, mú ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí ìlú tí ó ní ìpìlẹ̀, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.